Bá a ṣe ń fún ara wa ní fúláwà láì jẹ́ kó kú sọ́nà

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà Ọ̀fà, Òmù-Àrán títí dé Ìgbàjà, òjò ti ń rọ̀ dáadáa báyìí, àsìkò tó yẹ ká máa gé fúláwà fún ara wa rèé o. Tó bá ti dìgbà ọyẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, torí atẹ́gùn yẹn á ti fa omi ara ẹ̀ka yẹn gbẹ kó tó rójú ta gbòǹgbò.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni kéèyàn kàn já ọ̀kan lára fẹ́ǹsì onífẹ́ǹsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Ẹ kanlẹ̀kùn, ẹ kí wọn, "Ẹ kúulé mà, fúláwà yín yìí mà dáa o, ẹ bá mi gé díẹ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ráyè." Ẹni tó ń bomi rin nǹkan láràárọ̀, inú ẹ̀ á dùn pé ẹnì kan rí i, àwọn míì á tiẹ̀ bu ilẹ̀dú sí náílọ́ọ̀nù fún yín. Ẹ mú nǹkan tiyín náà dání lọ o.

Tó bá jẹ́ hibiscus, bougainvillea, croton tàbí ixora, ẹ wá ẹ̀ka tí ò rọ̀ jù tí ò sì gbó jù, kó nípọn tó pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e lábẹ́ oríkèé, kó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ já òdòdó orí ẹ̀ dànù, ó ń dùn mí náà tí mo bá ń já a, àmọ́ òdòdó yẹn á kàn máa jẹ oúnjẹ tí gbòǹgbò fẹ́ lò ni. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé ní dídàgẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gé òkè kó tẹ́jú, kẹ́ni tẹ́ ẹ fún má baà dorí ẹ̀ kodò gbìn ín, mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi tíṣù tútù wé ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ fi sínú náílọ́ọ̀nù piọ́ wọ́tà. Tó bá jẹ́ wébíìlì lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Ọ̀fà, ẹ bẹ dírẹ́fà kó má kó o sí búùtù, ooru ibẹ̀ á sè é bí ẹ̀fọ́.

Snake plant, èyí tí ìbátan ẹ̀ inú igbó ń jẹ́ ọ̀já ìkokò, tiẹ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá gé ewé èyí tétí ẹ̀ pọ́n bí òféèfèé, tẹ́ ẹ sì gbìn ín, á hù o, àmọ́ ewé aláwọ̀ ewé nìkan ni ọmọ ẹ̀ máa jẹ́, àwọ̀ yẹn á ti lọ. Ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ hú kẹ́ ẹ pín sí méjì.

Èyí tó rọrùn jù láti fún èèyàn ni àbámọdá. Mo fi ewé kan sáàárín ìwé lórí tábìlì mi nígbà kan, mo gbàgbé ẹ̀, ìgbà tí mo ṣí i, àwọn ọmọ tíntìntín ti tò yí etí ewé yẹn ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ewé méjì àti gbòǹgbò funfun bí òwú, láìsí yẹ̀pẹ̀ láìsí omi! Ẹ fi ewé kan sínú ańfílóòpù, ó ti tó. Tannápoṣó ńkọ́, hóró dúdú ẹ̀ tó dà bí iyèré ni kẹ́ ẹ ṣà sínú pépà, kẹ́ ẹ sọ fẹ́ni tẹ́ ẹ fún pé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tanná, kó má lọ rò pé ó ń kú lọ́sàn-án.

Olómiòjò àti desert rose ní májèlé lára o. Tí ọmọ kékeré bá wà nílé ẹni tẹ́ ẹ fún, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ìyá mi ní Queen of the night kan, fúláwà tó máa ń tanná lóru, àwọn tó wá gbẹ́ ṣọ́kàwé ló hú u dànù, a ò sí nílé. Ìyá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ ó ti fún Àlájà òdìkejì wa ní ewé kan tẹ́lẹ̀, Àlájà ló gé méjì padà wá. Tẹ́ ẹ bá gé tiyín, ẹ fi sábẹ́ ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kójú ọgbẹ́ ẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó gbìn ín, torí ẹ̀yà cactus ni, ìdí ẹ̀ á rà tó bá tutù. Ẹ ní sùúrù, ó lè gbà tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó tanná.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ẹnu òdòdó tí ò tíì là ti wú, ó ti funfun, ọrùn ẹ̀ ti gbé sókè, ẹ tètè pe àdúgbò. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì ni kí wọ́n máa bọ̀, ẹ tẹ́ ẹní síta, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí òórùn ẹ̀ kọ́kọ́ bá wọn kí wọ́n tó rí i. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti ń rọ lọ nìyẹn.