Bí a ṣe ń yan èérún igi tí a ó tẹ́ sínú ilé ẹṣin

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ẹṣin ní Ìlọrin ló máa ń kó èérún igi láti ilé ìlagi tàbí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, nítorí pé ó ń fa ìtọ̀, ó sì rọ ẹṣin lọ́rùn láti dùbúlẹ̀ lé. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí a bá ti mọ igi tí a fá.

Igi kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní black walnut, tí wọ́n fi ń ṣe àga olówó ńlá. Awùsá tiwa kọ́ ni. Bí ìdá kan nínú márùn-ún èérún tí a tẹ́ bá jẹ́ tirẹ̀, ó tó láti dá àrùn pátákò sílẹ̀ láàárín wákàtí 24. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó so egungun ẹsẹ̀ mọ́ pátákò ni yóò gbóná, tí yóò sì wú. Bí ó bá le, ìsopọ̀ náà lè já, kí egungun sì yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó di àpò, ẹ béèrè irú pákó tí wọ́n là lọ́jọ́ náà. Èérún oríṣiríṣi igi máa ń dà pọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, àwọ̀ dúdú nìkan kò sì tó ẹ̀rí pé black walnut wà níbẹ̀, nítorí àwọn igi tiwa náà ń dúdú. Ẹ má gba èérún níbi tí wọ́n ti ń fá àga ilẹ̀ òkèèrè, tàbí ti pákó tí a fi oògùn ikán sí. Bí ìdáhùn kò bá dájú, koríko ìrẹsì gbígbẹ tí kò bu ló sàn jù.

Ẹ ku lẹ́búlẹ́bú kúrò kí ẹ tó tẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa kó ibi tó tutù jáde lójoojúmọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fọwọ́ kan pátákò. Bí ó bá gbóná, tí ẹsẹ̀ wú, tí ẹṣin sì ń lọ́ra láti gbé ẹsẹ̀, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì kó gbogbo èérún náà dànù, àfi ẹ̀kúnwọ́ kan tí ẹ ó fi han dókítà ẹranko. Ẹ má ṣe fipá mú un rìn. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ sọ fún wọn bákan náà bí ẹṣin bá ti jẹ ọkà bàbà ní àjẹjù, nítorí àjẹjù ọkà pẹ̀lú lè fa àrùn yìí.