Bí a ṣe ń fi àgbáyun mu kunu tsamiya láìfi ṣúgà sí i

Àgbáyun jẹ́ èso tó ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu. Kò dùn púpọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́ láìfi ohun mìíràn tẹ̀ lé e lè rò pé wọ́n kàn ń pọ́n ọn lásán ni. Ohun kíkan ló ń jí agbára rẹ̀, ìyẹn kò sì wọ́n lọ́dọ̀ àwa tí a ń gbé Àbújá: kunu tsamiya, ìyẹn ohun mímu ọkà tí wọ́n fi àjàgbọn sè, wà láàárọ̀, zobo wà lọ́sàn-án, ọsàn wẹ́wẹ́ sì wà lọ́jà.

Purotéènì kan tí ń jẹ́ miraculin, tó wà nínú ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo kóró èso náà, ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1968, wọ́n sì mọ bí àwọn amino acid inú rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, ṣe tò tẹ̀ léra ní 1989: 191 ni wọ́n, wọ́n so kọ́ra nínú ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo. Èròjà ṣúgà so mọ́ ẹ̀wọ̀n náà lára, ó tó nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni adùn tí à ń gbọ́. Ẹ̀wọ̀n méjì-méjì ló máa ń so pọ̀, sulfur ló sì so wọ́n.

Tí ó bá dé orí ahọ́n, miraculin a lẹ̀ mọ́ olùgba adùn, ìyẹn ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn; ibẹ̀ náà ni ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ohun kíkan kò bá tíì wọ ẹnu, a jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò tíì sọ ohun tó bá wá. Bí ásíìdì, èròjà tó ń mú kí nǹkan kan lẹ́nu, bá dé, ìrísí rẹ̀ a yí padà, a ta olùgba náà jí, a sì máa gbọ́ adùn. Bí itọ́ bá ti fọ ásíìdì náà kúrò, adùn a dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi tún mu ohun kíkan. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, nígbà mìíràn ó ń ju wákàtí kan lọ.

Nítorí pé ìrísí yìí ni agbára rẹ̀ rọ̀ mọ́, iná ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe da àgbáyun sínú ìkòkò kunu. Ìdáná asán ni. Bí ará ilé bá fi í ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ̀ akérò, ẹ ní kí wọ́n kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, nítorí kì í pẹ́ rà nínú ooru, kí ẹ sì kó o sí fírísà ní kété tó bá dé.

Ẹ sọ fún mai kunu, ìyẹn ẹni tó ń ta kunu, pé kó má fi ṣúgà sí tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí kunu náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi omi yọ ẹnu. Ẹ gé awọ èso kan jẹ, kí ẹ sì máa fi ahọ́n yí ẹran rẹ̀ káàkiri, pàápàá dé etí ahọ́n, fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó tu kóró rẹ̀. Èyí ni àwọn èèyàn máa ń kánjú ṣe jù, wọn a gbé e mì, wọn a wá ní kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mu kunu yín. Ata àti atalẹ̀ inú rẹ̀ yóò ṣì máa ta yín lẹ́nu, nítorí kíkan nìkan ni àgbáyun ń yí padà.

Ahọ́n nìkan ni a tàn jẹ o. Ásíìdì ọsàn wẹ́wẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fún eyín àti ikùn, nítorí náà kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú má torí adùn mu ún ní àmuyó. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì rántí pé ọkà inú kunu kò yí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin kóró náà, ẹ má ṣe sá a. Tútù ni kí ẹ gbìn ín, sínú ilẹ̀ tó ní ásíìdì, níbi tí òjìji wà, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní gbogbo àsìkò ọyẹ́. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń gbà kó tó so.