"Kí ló kàn?": bí ẹni tó ń ṣe géèmù ṣe lè mọ ìgbésẹ̀ tó kù

Ọmọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní Adó-Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ilé tó ń gbé ò jìnnà sí ojú ọ̀nà Ìwòròkó. Ó ṣí fódà kan fún mi, mo ka àwòrán èèyàn mẹ́rìnlá nínú rẹ̀: ọba, ọdẹ, ìyálọ́jà, egúngún. Gbogbo wọn ló dùn ún wò. Mo ní kó jẹ́ kí n gbá géèmù náà wò díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, géèmù ò tíì sí o. Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn. Kí ló kàn?"

Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń ya àwòrán. Mi ò bá a wí, nítorí gbogbo wa la máa ń sá síbi iṣẹ́ tó rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹni tó mọ àwòrán yà á máa yàwòrán, ẹni tó mọ kóòdù kọ á máa tún kóòdù kan náà kọ. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nígbà tí iṣẹ́ bá dá dúró kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni nǹkan tí mi ò tíì mọ̀, tó lè ba gbogbo géèmù yìí jẹ́? Iṣẹ́ tó máa dáhùn ìyẹn ló kàn, bó dùn mọ́ mi, bí kò dùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká fi géèmù kan tí mò ń ṣe lọ́wọ́ tẹ̀lé e. Omi Ìkògòsì ni mo fi ṣe é. Ẹni tó bá ti débẹ̀ ti fojú ara rẹ̀ rí i: omi gbígbóná ń ṣàn bọ̀ láti ibì kan, omi tútù ń ti ibòmíì bọ̀, wọ́n á sì pàdé. Wọ́n ní èyí tó gbóná tó nǹkan bíi 70°C níbi orísun rẹ̀, tó bá wá pàdé ekejì, á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 37°C.

Gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà erùpẹ̀

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí i. Kì í ṣe ìtàn géèmù, ohun tí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a á máa ṣe ni. Tèmi rèé: ẹni tó ń gbá a á máa fi ìka la ojú àgbàrá sára òkè, kí omi méjèèjì lè pàdé nínú odò kan tí kò ní gbóná jù, tí kò sì ní tutù jù. Bí tiyín bá ti kọjá ìlà méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ géèmù méjì lẹ ní lọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀kan.

Kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ gbá a nílẹ̀ ná. Ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi, ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kò fi ti NEPA ṣe. Bí ọpọ́n ò bá sí, àwọn ọmọdé á gbẹ́ ihò sínú erùpẹ̀, ọ̀ta á ṣì máa pa ọ̀pẹ. Inú òfin ayò ni adùn rẹ̀ wà, kò sí lára igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọpọ́n. Èmi fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, mo fi òkúta pupa ṣe omi gbígbóná, mo fi funfun ṣe tútù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi rí i pé pẹ̀lú òfin tí mo gbé kalẹ̀, ẹni tó bá káwọ́ gbera, tí kò ṣe nǹkan kan, ló ń borí. Ká ní inú kóòdù ni mo ti máa rí ìyẹn ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ì bá ti lọ.

Àpótí aláwọ̀ eérú

Ohun tó tẹ̀lé e ni àwọn onígéèmù ń pè ní prototype: géèmù tí kò lẹ́wà rárá. Àpótí aláwọ̀ eérú ni òkè, róbótó pupa ni omi gbígbóná, róbótó búlúù ni tútù. Kò sí orin, kò sí egúngún. Ìbéèrè tó ń dáhùn ni pé, ṣé ohun tó dùn nílẹ̀ tún dùn lábẹ́ ìka? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún un. Ó lè dà bíi pé kò tó, ṣùgbọ́n níbi ìdíje Ludum Dare, tí wọ́n ti ń ṣe láti 2002, wákàtí 48 ni ẹni tó bá dá nìkan ṣe é fi ń parí odidi géèmù.

Tó bá jẹ́ pé owó kò tó lọ́wọ́ yín, ẹ lo Godot, ọ̀kan lára irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi yín léèrè ìpín tirẹ̀ lọ́jọ́ tí géèmù bá pa owó. Ó fúyẹ́ fún láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́, ẹ lè ṣí i lórí fóònù Android pàápàá. Unity náà dáa, àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní September 2023 àwọn tó ni ín kéde pé àwọn máa gba owó lórí iye ìgbà tí wọ́n bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ. Ariwo tó sọ ò kéré, wọ́n sì wọ́gi lé e ní 2024. Èyí tí ẹ bá ti mọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹni tó ń pààrọ̀ irinṣẹ́ lóṣooṣù kò ní parí nǹkan kan.

Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí fódà iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ fi Git sí i, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín kí ẹ lè padà sí i bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Iná lọ nígbà kan tí mò ń ṣiṣẹ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná dé, fáìlì tí mo fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe ti bàjẹ́, kò ṣeé ṣí mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa Git ni pé kò fi dátà ṣe kó tó fi iṣẹ́ pa mọ́: orí láptọ́ọ̀pù yín ni gbogbo commit, ìyẹn ẹ̀dà iṣẹ́ tí ẹ bá ní kó fi pa mọ́, ń wà. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ máa nílò dátà, ẹ sì lè dúró di òru tí dátà bá dínwó. Mo máa ń ṣe commit kí n tó dìde lọ jẹun. Iyán ò ní sá lọ.

Ẹ gbé e fún ẹlòmíì, kí ẹ panu mọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Mo gbé géèmù omi mi, pẹ̀lú àpótí eérú rẹ̀, fún ọlọ́kadà kan tó ń retí èrò nítòsí Fájuyì. Mo ní, "Ẹ bá mi gbá a wò," mi ò sọ nǹkan mìíràn. Ó tẹ omi. Omi kọ́ ló yẹ kó tẹ̀, òkè ni. Ó tún tẹ omi. Mo fẹ́ la ẹnu, mo gé ètè mi jẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹta, ó dá fóònù padà fún mi, ó ní, "Ó dáa o, bọ̀ọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ má gba "ó dáa" yẹn wọlé. Ọmọlúàbí ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó gbá géèmù. Ní ilẹ̀ wa, ta ni máa wo ojú yín kó ní iṣẹ́ yín ò dùn? Nítorí náà, ẹ má bi wọ́n bóyá ó dáa. Ẹ wo ọwọ́ wọn, ẹ wo ojú wọn, kí ẹ kọ ibi tí ìka kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí wọ́n ti mí kanlẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo gbà ni kí ẹni náà parí rẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kejì ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Owó wà lọ́wọ́ wọn kan, àtàǹpàkò ọwọ́ kejì ni wọ́n fi gbá a. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé bọ́tìnì mi jìnnà jù fún ẹni tó ń lo ọwọ́ kan, àti pé láìsí awò ojú, kò sẹ́ni ọjọ́ orí wọn tó máa rí ohun tí mo kọ ka. Lẹ́yìn ẹni márùn-ún, àṣìṣe kan náà á ti máa tún ara rẹ̀ sọ. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ gbé e fún ẹni márùn-ún mìíràn tí kò rí i rí. Ẹni tó ti rí i tẹ́lẹ̀ ti mọ ọ̀nà, kò wúlò fún èyí mọ́.

Kí a tó kó iṣu sódó, a máa ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Iṣu tí kò jinná, kókó ló máa di. Bí ẹ bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí kò sí ẹnì kan tó fẹ́ gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó kàn ni kí ẹ pa á tì. Èmi ti pa mẹ́rin tì. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń dùn mí.

Ìpele kan tó pé, àti ìṣirò

Bí wọ́n bá ń bẹ̀ yín pé àwọn fẹ́ gbá a sí i, ìgbà yẹn ni àwòrán àti orin kàn. Ìpele kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe, kó pé pérépéré bí ẹni pé ọ̀la lẹ máa tà á. Ẹ ka ọjọ́ tó gbà yín. Tèmi gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ogójì ìpele ni mo ti ń lálàá tẹ́lẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 360, láìka ọjọ́ tí iná ò sí, ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo gé e sí méjìlá, ọjọ́ 108. Bébà tó wà lára ògiri mi kò ní ju ọ̀nà mẹ́ta lọ: èyí tí mò ń ṣe, èyí tó kàn, èyí tí kò ní wáyé lọ́dún yìí. Ọ̀nà kẹta ló gùn jù.

Nígbà tí ìpele méjìlá bá ti wà, tó ṣeé gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ti ilẹ̀kùn. Nǹkan tuntun ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, àtúnṣe nìkan ló kù. Ẹ gbá a lórí fóònù tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ, ẹ gbá a nínú oòrùn, ẹ ní kí ẹnì kan pè yín láàárín géèmù kí ẹ wo bóyá á ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ bá gé ìpè náà.

Gbígbé e jáde

Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí itch.io, ọjà géèmù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí wọn ò gba kọ́bọ̀ kí géèmù tó wọlé. Google Play, ọjà àwọn fóònù Android, ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, ń gba dọ́là 100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan. Fáìlì AAB, irú èyí tí wọ́n ń di géèmù Android sí, ni Google ń gbà lọ́wọ́ géèmù tuntun láti August 2021. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi bọwọ́ lù ú, ìyẹn fáìlì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni géèmù náà ti wá, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì, ó kéré tán.

Ibi tí Google ti ń dá àwọn ọmọ wa dúró ni ti àwọn olùdánwò. Bí àkáǹtì yín bá jẹ́ ti ara yín, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, tí ẹ sì ṣí i lẹ́yìn November 13, 2023, ẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán èèyàn 12 tó forúkọ sílẹ̀ láti dán géèmù náà wò, tí wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 14 láìjáwọ́, kí ẹ tó lè béèrè àyè láti gbé e jáde fún gbogbo ayé. Nítorí náà, ẹ ti máa kó orúkọ wọn jọ láti ìgbà tí ẹ ti ti ilẹ̀kùn.

Ọmọkùnrin aláwòrán mẹ́rìnlá yẹn ti débẹ̀ báyìí. Ó kó ọba àti egúngún rẹ̀ sínú fódà tó pè ní "Ó Dọdún Tó Ń Bọ̀", ó fi àpótí eérú bẹ̀rẹ̀, ìyálọ́jà nìkan ló padà rọ́nà wọlé. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti rí ẹni mọ́kànlá. Màmá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ti gbà láti ṣe ìkejìlá, àmọ́ fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò.