Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa F-body, Ìpìlẹ̀ Tí Camaro àti Firebird Jọ Lò

Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1967 títí di ti ọdún 2002, orí ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní F-body ni ilé-iṣẹ́ General Motors ti ń kọ́ ọkọ̀ méjì tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀: Chevrolet Camaro àti Pontiac Firebird. Ìpìlẹ̀ ni egungun ọkọ̀, ìyẹn irin abẹ́ rẹ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí, ọ̀nà tí a gbà so táyà mọ́ ara rẹ̀, àti bí táyà iwájú ṣe jìnnà sí ti ẹ̀yìn. Ìran mẹ́rin ni F-body ní: 1967 sí 1969, 1970 sí 1981, 1982 sí 1992, àti 1993 sí 2002. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí ó fẹ́ tún ògbólógbòó kan ṣe, sábà máa ń tẹ̀ lé orúkọ tí ó wà lára ọkọ̀ àti ọdún tí ó wà lórí ìwé rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí gan-an ni ó sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù.

Má ṣe pe Camaro ní ọmọ Nova àtijọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford gbé Mustang jáde, iye tí wọ́n sì tà láàárín ọdún kan péré ju 400,000 lọ. General Motors kò ní ohun tí ó lè fi kojú rẹ̀, nítorí pé Corvair, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, kò lè dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ jà. Chevrolet bá múra sí Camaro, ó sì dé ọjà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 gẹ́gẹ́ bí mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1967. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé Chevy II, tí a tún mọ̀ sí Nova, èyí tí ó ti wà lọ́jà láti ọdún 1962, ni wọ́n kàn yí ara rẹ̀ padà di Camaro.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nova tí ó bá Camaro tan ni èyí tí ó jáde fún ọdún 1968, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn Camaro, nítorí pé àjọṣe ni wọ́n ṣe ètò àwọn méjèèjì. Nínú ọkọ̀ méjèèjì, láti ògiri tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀yìn, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ru ẹrù. Férémù irin kékeré kan tí a fi bóòtì àti rọ́bà so mọ́ iwájú ni ó sì gbé ẹ́ńjìnnì àti táyà iwájú dání. Ní ẹ̀yìn, sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ni wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán fún ẹni tí ó ń wá pááàtì: ọ̀pọ̀ ẹ̀yà abẹ́ iwájú Nova ọdún 1969 yóò bá Camaro ọdún kan náà mu, ṣùgbọ́n ti Nova ọdún 1966 kò ní bá a mu rárá, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ jọra tó.

Má ṣe rò pé Firebird kò ju Camaro tí a yí àmì rẹ̀ padà lọ

Àṣìṣe yìí ni ó ń ná ènìyàn lówó jù lọ, ó sì yẹ kí a dúró tì í díẹ̀. John DeLorean, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Pontiac nígbà náà, fẹ́ kọ́ ọkọ̀ oníjókòó méjì tí yóò jẹ́ ti Pontiac nìkan. Àwọn aláṣẹ General Motors kò gbà fún un, kí ó má baà gba ọjà mọ́ Corvette, ọkọ̀ oníjókòó méjì ti Chevrolet, lọ́wọ́; wọ́n ní kí ó wá bá Chevrolet pín nínú Camaro. Ní oṣù kejì ọdún 1967 ni Firebird jáde. Pontiac gba ara ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ni ó gbé sínú rẹ̀, láti orí oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà dé orí V8 tí ó tó 400 kúbíkì íǹṣì, tí í ṣe lítà 6.6. Ohun tí ẹ́ńjìnnì Pontiac fi ń jókòó sínú férémù yàtọ̀ sí ti Chevrolet, páìpù èéfín rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ra ẹ́ńjìnnì Camaro fún Firebird ọdún 1968 ní èrò pé yóò kàn bọ́ síbẹ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ pọ̀ níwájú òun.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo Firebird ni Trans Am. Trans Am jẹ́ ẹ̀yà Firebird kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, tí wọn kò sì ṣe ju 697 lọ ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Orúkọ eré ìje kan ni Pontiac yá fún un, ó sì ń san dọ́là márùn-ún lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí ó ni orúkọ náà. (Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju èyí tí eré ìje náà gbà láàyè lọ, Camaro Z/28 (tàbí Z28), ẹ̀yà Camaro kan tí ó ní 302 kúbíkì íǹṣì, ni wọ́n ṣe dọ́gba pẹ̀lú òfin yẹn.)

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1977, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ti dàrú. Láti ọdún náà sí ọdún 1979, a máa ń rí 6.6 lára ihò atẹ́gùn tí ó yọ sókè lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì Trans Am, àwọn tí ó ń rà á sì máa ń gbà pé Pontiac 400 ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 403 ti Oldsmobile, ẹ̀ka General Motors mìíràn, náà jẹ́ lítà 6.6, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ohun tí a kọ síbẹ̀ bá jẹ́ T/A 6.6, Pontiac tí ó lágbára jù ni. Bí ó bá jẹ́ 6.6 LITRE, ó lè jẹ́ Oldsmobile, ó sì lè jẹ́ Pontiac tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kí ẹni tí ó bá ń rà á má sì gbára lé àkọlé náà, nítorí pé lílẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè lẹ òmíràn mọ́ ọn. Kí ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì Oldsmobile ní ọ̀pá gígùn kan ní iwájú tí a ń gbà rọ ọ́ìlì sínú rẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n gbé e sí kò sì ní jíà tí a ń fi ọwọ́ yí láti ilé-iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ohun gbogbo wá yí padà. V8 Pontiac kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1981, V8 Chevrolet sì ni Firebird ọdún 1982 ń lò, nígbà tí ó jẹ́ pé Camaro tí owó rẹ̀ kéré jù ní ọdún kan náà gbé ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tí Pontiac ṣe. Ẹni tí ó ń sọ pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre láti ìran kẹta lọ. Kò jàre rárá fún èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Má ṣe fi ọdún orí ìwé pín ìran

Ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Iṣẹ́ lórí ìran kejì pẹ́, nítorí náà Chevrolet àti Pontiac ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì 1969 lọ títí ọdún náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìran kejì kò sì dé ọjà títí di oṣù kejì ọdún 1970. Àwọn ọkọ̀ ìran kìíní tí wọ́n tà nígbà tí ọdún ti ń yí wà tí a kọ ọdún 1970 sórí ìwé wọn. Ẹni tí ó bá fi ìwé yẹn ra bọ́ńẹ́ẹ̀tì tàbí gíláàsì, ti ìran mìíràn ni yóò gbé wálé. Nọ́ńbà ṣáásí ni kí a kà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1980, àmì kẹfà nínú nọ́ńbà náà ni ó ń tọ́ka sí ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì, N tí ó tẹ̀ lé e sì túmọ̀ sí pé Norwood, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti kọ́ ọ. Láti ọdún 1981, nígbà tí nọ́ńbà náà di àmì 17, àmì kẹwàá ni a ń wò: B ni 1981, C ni 1982, P ni 1993, W ni 1998.

Àṣìṣe mìíràn tí ó so mọ́ èyí ni kí a gbà pé ọdún méjìlá tí ìran kejì lò jẹ́ ohun kan náà. Ìran yìí, tí ó rẹwà jù lójú tèmi, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́nà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ gígùn kan ti ilé-iṣẹ́ Norwood pa ní ọdún 1972, àwọn ọkọ̀ tí wọn kò tíì kọ́ tán sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí òfin tuntun lórí bọ́ńpà fi dé fún mọ́dẹ́ẹ̀lì 1973. Bọ́ńpà wọn kò bá òfin náà mu, wọ́n sì bà wọ́n jẹ́. Láàárín General Motors, àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n fòpin sí F-body pátápátá. Ó là á já, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń yí padà ṣáá: gíláàsì ẹ̀yìn fẹ̀ sí i ní ọdún 1975, Firebird gba iná iwájú mẹ́rin onígun ní ọdún 1977, Camaro sì gba bọ́ńpà tí a fi ike aláwọ̀ ara ọkọ̀ bò ní ọdún 1978. Z28 fúnra rẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún 1974, kò sì padà wá títí di àárín ọdún 1977. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta Z28 ọdún 1976 gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ní ti ìran kẹta, ohun kan ni ó ṣe pàtàkì. Férémù iwájú àti sípíríǹgì pẹlẹbẹ ti lọ, àlàfo láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sì dín kù láti 108 íǹṣì sí 101. Kò sí ẹ̀yà abẹ́ ọkọ̀ kan tí a lè yá láti ọ̀dọ̀ ìran kejì.

Má ṣe fi lítà nìkan ra ẹ́ńjìnnì

Nínú ìran kẹta àti ìkẹrin, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni a ń pè ní lítà 5.7: L98 láti ọdún 1987 sí 1992, LT1 láti ọdún 1993 sí 1997, àti LS1 láti ọdún 1998 sí 2002. LT1 àti LS1 wà nínú ìran kan náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ohun tí wọ́n jọ ní. Irin ni búlọ́ọ̀kù LT1, álúmínọ́ọ̀mù ni ti LS1. Ẹ̀rọ tí ó ń pín iná fún pulọ́ọ̀gì LT1 wà ní iwájú, ní abẹ́ ibi tí póǹpù omi wà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí póǹpù náà bá ń jò, omi yóò ba ẹ̀rọ iná jẹ́. LS1 kò lo irú rẹ̀, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ni pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní. Àmì kẹjọ nọ́ńbà ṣáásí ni yóò sọ èyí tí ilé-iṣẹ́ gbé sínú Camaro tàbí Firebird náà: P fún LT1, G fún LS1. Kí mẹkáníìkì tí ó gba èyíkéyìí nínú wọn sì mọ̀ pé apá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà wọ abẹ́ gíláàsì iwájú lọ, iye owó iṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé e.

Má ṣe ka Camaro tuntun mọ́ F-body

Ilé-iṣẹ́ Sainte-Thérèse ní Quebec, orílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ìran kẹrin, nítorí náà 2 ni nọ́ńbà ṣáásí wọn fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àmì pé a tún nọ́ńbà náà tẹ̀. Ibẹ̀ ni F-body parí sí ní ọdún 2002. Camaro tí ó padà wá fún ọdún 2010 ni a ń pè ní ìran karùn-ún, ó sì tọ́ bí ó bá jẹ́ orúkọ Camaro ni a ń kà. Ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ Zeta, tí Holden ti Ọsirélíà ṣètò, ni wọ́n kọ́ ọ lé, ní Oshawa ní Kánádà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2016 sì bá Cadillac ATS lo ìpìlẹ̀ Alpha, ní Lansing ní Michigan, títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2023. Firebird kò bá a padà rárá, nítorí pé ní ọdún 2009, nígbà tí Camaro tuntun ń bọ̀ sọ́jà, ni General Motors kéde pé òun yóò ti Pontiac pa. Trans Am tuntun tí ènìyàn lè rí lọ́jà lẹ́yìn ìgbà náà jẹ́ Camaro tí àwọn oníṣẹ́ aládàáni yí ojú rẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí Oshawa kọ́ ni wọ́n lò, 2G1 ti Chevrolet ni nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 2G2 ti Pontiac.