Bí A Ṣe Lè Kó Ìtàn Ìgbé Ayé Bàbá Ẹni Jọ Lẹ́yìn Ìsìnkú

Ní Èkìtì, a mọ òkú sin. Àgọ́ á gba ojú títì kan, a ó gún iyán fún àlejò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, a ó sì pín ìwé ètò ìsìnkú tí àwòrán bàbá wà lójú èèpo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ojú ìwé tí a pè ní ìtàn olóògbé yóò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jẹ́ ti bàbá ẹnikẹ́ni: ọdún tí wọ́n bí i, iléèwé tí ó lọ, oyè tí ó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí ó fi sáyé lọ. Irú rẹ̀ ni èmi náà kọ fún bàbá mi ní òru ọjọ́ kan, nítorí pé ẹni tí yóò bá wa tẹ ìwé náà kò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Níbi àsè ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ti bi mí pé níbo ni mo kọ ọdún mẹ́ta tí bàbá fi kọ́ iṣẹ́ káfíńtà sí. N kò gbọ́ ọ rí. Bí ó ti yẹ kí n ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, fún ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ẹ má tíì mú bírò. Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tí ó mọ bàbá kí ẹ tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì tọ ẹni tí ara rẹ̀ kò le mọ́ nínú wọn lọ ná, nítorí pé ìrántí ọdún kan lè dé kí ẹni náà má sí níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe ẹgbẹ́, àwọn tí oko kòkó wọn bá tirẹ̀ pààlà, ẹni tí ó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ní nǹkan í sọ. Ẹ bá wọn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pe gbogbo wọn jọ, àgbà tí ó dàgbà jù níbẹ̀ nìkan ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa mi orí.

Ní ti oríkì, àwọn ìyá tí wọ́n bí sínú agbo ilé àti àwọn ìyàwó ilé ni kí ẹ lọ bá, pàápàá bí ẹni tí ó ń sun alámọ̀, ewì alohùn Èkìtì, bá wà láàárín wọn. Ẹ má ní kí ìyá náà máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè rí i kọ. Bí ẹ bá dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì rẹ̀ á ti bọ́ sọnù. Ẹ tan fóònù sílẹ̀ kí ó gbà á, ẹ jẹ́ kí ó ké e bí ó ti ń ké e, kí ẹ tó padà lọ́jọ́ kejì láti béèrè ìtumọ̀ ibi tí kò yé yín. Ẹ kò sì gbọdọ̀ tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Bí ó bá pe ilé ní ulé, ulé ni kí ẹ kọ, nítorí pé ẹnu Èkìtì ni wọ́n fi kí bàbá yín nígbà ayé rẹ̀.

Ìbéèrè ni iṣẹ́ tí ó le jù. Bí ẹ bá béèrè pé irú èèyàn wo ni bàbá, èèyàn dáadáa tí ó fẹ́ràn ọmọ ni wọn yóò sọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tí ó máa ń ṣe ni kí ẹ béèrè: ta ni wọ́n jọ máa ń jẹun, kí ni ó máa ń sọ bí owó iléèwé kò bá pé, kí ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ó bá ti oko dé? Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni mo bi ìyá mi. Wọ́n ní bàbá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá mọ̀ọ́mọ̀ máa gbọn erùpẹ̀ ara bàtà rẹ̀, kí ọmọ tí ó ń ṣe ohun tí kò yẹ lè rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe kí òun tó wọlé. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní kékeré, mo rò pé ikọ́ ń yọ bàbá mi lẹ́nu ni.

Ọjọ́ orí ń fẹ́ sùúrù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa kò ní ìwé ìbí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá lè gba orí kọjá kan etí kejì ni wọ́n ń gbà sí iléèwé nígbà náà, olùkọ́ á sì fún un ní ọdún tí ó bá wù ú. Nítorí náà, ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ àgbàlagbà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ṣé bàbá ti wà ní iléèwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955? Ṣé ó ti ní ọ̀kadà tàbí mọ́tò nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972? Ṣé pọ́n-ùn ni ó fi san owó orí ìyàwó ni, àbí náírà, tí ó dé ní ọdún 1973? Ìbéèrè owó orí yìí dára púpọ̀, nítorí pé àwọn ìyá kì í gbàgbé iye rẹ̀. Bí ìdáhùn mẹ́ta bá bá ara mu, ẹ kọ ọ́. Bí wọn kò bá bá ara mu, ẹ kọ pé “ó tó ọdún báyìí”, kí ẹ má purọ́ mọ́ òkú.

Ẹ tú àpótí rẹ̀ kí àwọn ẹbí tó pín ẹrù. Ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, rìsíìtì owó iléèwé, lẹ́tà tí ó kọ sí ọmọ tí ó wà ní Èkó, gbogbo ìwọ̀nyí ní ọjọ́ lára, wọ́n sì ní ìkọ̀wé rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́, nítorí pé bírò máa ń hàn sójú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù ya fọ́tò àtijọ́, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa iná fóònù. WhatsApp a máa dín àwòrán kù bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán, nítorí náà ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹni tí kò gbé ilé kan náà pẹ̀lú yín.

Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn láyé, láìpín wọn sí ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí a kò mú wọlé náà ń bẹ níbẹ̀. Ìjà rẹ̀ á ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà láyé.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè lójú àwọn tí ó sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ojú ìwé bíi mẹ́rin sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrántí ọdún kìíní ni a ka tiwa. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀gá tí ó kọ́ bàbá ní káfíńtà, Màmá Àgbà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kì í ṣe Ìjerò ni ọ̀gá náà ń gbé, Àrámọkọ ni, wọ́n sì ní kí n mú bírò wá.