Bí Mo Ṣe Tọ́jú Ìyá Kan Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Fáíbírọ́ìdì àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ní ọsibítù ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá aláṣọ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìju inú ilé-ọmọ, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní fáíbírọ́ìdì, ti ń dà á láàmú tipẹ́. Èmi ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó gba bẹ́ẹ̀dì títí ó fi lọ sílé. Mo ń kọ èyí nítorí ó dá mi lójú pé bí ara aláìsàn yóò ṣe yá lẹ́yìn abẹ, kí abẹ tó kàn án lára la ti ń tún un ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ la kọ́kọ́ bójú tó. Nǹkan oṣù tó ń ya ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ò sì tó 30 tí àwọn dókítà wa máa ń fẹ́. Wọ́n sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú kó lè lo oògùn ẹ̀jẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ sì wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì, torí ilé-ọmọ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gé láìní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bèèrè àgbo. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ìbáwí bèèrè, “Rárá o” ni yóò gbọ́. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní, “Mọ̀mí, èwo nínú àgbo lẹ ti mu sí ìju yìí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀kan wà nínú báàgì òun báyìí. Àgbo mìíràn ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, òmíràn sì lè da ìfúnpá rú lórí tábìlì abẹ. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì, mo sọ fún dókítà akunnilóorun, ọkọ rẹ̀ sì gbé ìgò náà lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, mo sọ ohun tí yóò bá lára rẹ̀ fún un: rọ́bà ìtọ̀, omi tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́, báńdéèjì níkùn. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìrọ̀rí ti ikùn tí a bá fẹ́ húkọ́. Mo sì ní kí ọkọ rẹ̀ ra gbogbo oògùn ìrora alẹ́ àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí bí oògùn bá tán lóru, aláìsàn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Kò jẹun láti òru, ṣùgbọ́n akunnilóorun gbà kó mu omi lásán títí di wákàtí 2 ṣáájú abẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ akunnilóorun lágbàáyé ti fọwọ́ sí èyí. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá fi òùngbẹ jẹ aláìsàn níyà láti ọ̀gànjọ́ òru títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ó wẹ̀ láàárọ̀, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, mo sì bá a nu ọ̀dà èékánná rẹ̀, torí ó lè ṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka láti wo ọ́síjìn lọ́nà. A ò fi réésà kàn án: ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí réésà ń dá sílẹ̀ ni kòkòrò àìsàn ń gbà wọlé. Ní tíátà, wọ́n lo ìwé àyẹ̀wò ààbò iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n fi ń yẹ nǹkan wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2008. Ìyá fúnra rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Nígbà tí wọ́n dán ìwé yìí wò ní ìlú 8, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn, iye àwọn tó ń kú lẹ́yìn abẹ dín kù láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. N kì í gbà kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìkánjú fò ó.

Nígbà tó padà dé, mo ń wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15. Mo wo báńdéèjì, mo sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ kí ojú báńdéèjì ṣì funfun. Mo ní kó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lẹ́yìn, tó mú ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú nígbà abẹ, ti ń dá.

Ìrora ni mo wá dúró tì jù. Bí ẹ bá bi obìnrin ilẹ̀ wa pé báwo lara, “A dúpẹ́” ni yóò sọ, kódà bí ojú abẹ bá ń ta á. N ò bi í bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Mọ̀mí, ẹ húkọ́ díẹ̀ kí n gbọ́.” Ó gbìyànjú, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó gbé mì. Mo fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, pentazocine, tí dókítà kọ, párásítámọ̀ sì ń wọlé ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, yálà ó ké tàbí kò ké. Kí a tó máa sọ pé “ẹ mú un mọ́ra”, oògùn ló yẹ kó ṣáájú.

Oògùn yẹn ló jẹ́ kó lè dìde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ yí, ó sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó títí òòyì fi lọ, lẹ́yìn náà la rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń dùbúlẹ̀ ṣáá lè gba ọkàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa á. Henrik Kehlet, oníṣẹ́ abẹ ará Denmark, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1990 pé bí a bá kápá ìrora, tí aláìsàn tètè jẹun, tó tètè rìn, ara rẹ̀ á tètè mókun. Ìyá mu ògì lọ́jọ́ náà. A ò dúró dìgbà tó bá só kó tó jẹun.

Ìyá rẹ̀ àgbà gbé omi gbígbóná dé, ó fẹ́ fi aṣọ te ikùn bí a ti ń ṣe fún ìyá ọlọ́mọ tuntun. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé pé ojú abẹ lè là, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó máa se ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ wá. Ó gbà.

Kó tó lọ sílé, mo ní kó sáré padà tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ojú abẹ bá ń ṣọyún, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá wú. Nígbà tó wá sí kílíníìkì, ojú abẹ ti gbẹ. Ó béèrè bóyá òun lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ó lè lọ jókòó, kí ẹlòmíràn máa gbé ẹrù aṣọ títí ọ̀sẹ̀ 6 yóò fi pé.