Bí a ṣe ń ka ìtàn ilẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yàrà Kétu

Ẹni tó bá ti rìn yí odi Kétu, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, ká rí mọ yàrà tó yí i ká. Ibòmíràn ti dí, wọ́n ti kọ́lé lé e. Ibòmíràn ṣì jìn débi pé ewúrẹ́ tó bá já sí i á ké títí kí wọ́n tó fà á jáde. Ohun tó ń dí yàrà yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Òjò tó bá rọ̀ ń gbá nǹkan ìlú lọ síbẹ̀: eérú ààrò, àpáàdì, ìgbẹ́ ẹran, iyanrìn oko. Wọ́n ń tò léra wọn, bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń sùn sí ìsàlẹ̀ agbè ẹmu, ti àná lókè, ti ìjẹta nísàlẹ̀. Bí a bá mú un bó ṣe yẹ, a lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣán igbó, ìgbà tí èrò kún ìlú, ìgbà tí ilẹ̀ dahoro.

Kí ẹ tó ti ọkọ́ bọlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi ilẹ̀. "Mo fẹ́ mọ ìtàn Kétu" fẹ̀ jù. Èyí tó ṣeé dáhùn ni: èédú tó wà nínú yàrà yìí, ṣé iná ogun ni àbí iná oko? Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, nígbà ayé ọba Glèlè, fọ́ Kétu ní 1886, tí ìlú sì dahoro títí àwọn tó ṣẹ́ kù fi padà wá tún un tẹ̀dó. Nítorí náà, ẹni tó bá rí èédú nínú ilẹ̀ wa, 1886 ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti kọ́gbọ́n. Ọdọọdún la ń sunko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ayé àwọn baba ńlá wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí wọn láàfin Alákétu, ẹ lọ bá àwọn àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ má gbẹ́ ohunkóhun nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú àtijọ́. Ibi ọ̀wọ̀ ni. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Abomey-Calavi kó dúró tì yín. Ihò tí a bá gbẹ́ báyìí kò ṣeé gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Níbi ihò

Ẹ wá ibi tí omi máa ń dá sí nínú yàrà, tí kò sí pàǹtírí òde òní níbẹ̀. Kí ihò fẹ̀ tó mítà kan sí méjì. Bó bá ti ń dé àyà yín, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, torí ẹ̀gbẹ́ ihò tó ga máa ń ya lulẹ̀ láìkìlọ̀. Ẹ fi trowel bíríkìlà fá ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi tẹ́jú, kí ẹ sì wọ́n omi díẹ̀ sí i.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ wò ó, kí oòrùn tó mú. Lókè ni ilẹ̀ dúdú wà, gbòǹgbò koríko ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ pupa tẹ̀ lé e, iyanrìn funfun tín-ín-rín là á láàárín bí òwú: òjò ńlá kan ṣoṣo ló gbé ìyẹn wá. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ eléérú, èédú tó wà nínú rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Nígbà tó bá yá, trowel á dún gìdì: ó ti kan yangí. Ilẹ̀ yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ nìyẹn.

Ẹ na tépù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí òdo wà lókè, ẹ ya fọ́tò, ẹ yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ilẹ̀, kí ti òkè má baà já lé ti ìsàlẹ̀ lórí. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún, ẹ̀kúnwọ́ kan, ọ̀rá kan, kí ẹ sì nu trowel kí ẹ tó tún bu òmíràn. Bírò lèmi fi kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá lọ́jọ́ kan. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, nígbà tí mo fi délé, ọ̀rá mẹ́tàdínlógún ló wà níwájú mi, nọ́ńbà kankan kò sí lára wọn. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Láti ọjọ́ náà, máákà tí omi kì í pa ni mo ń lò, mo sì ń fi bébà kejì sínú ọ̀rá kejì.

Ẹ tún bu ilẹ̀ díẹ̀ níbi tó jìnnà, tí ènìyàn kò gbé rí, lórí irú ilẹ̀ pupa kan náà. Òun la ó fi ti yàrà wé.

Ohun tí èròjà inú ilẹ̀ ń wí

Nílé ìwádìí, wọn á mú kí ilẹ̀ náà gbẹ ní 105 °C, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á sun ún ní 550 °C fún wákàtí mẹ́rin, wọn á tún wọ̀n ọ́n. Ohun tó dín nínú ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti ewé, gbòǹgbò àti ìgbẹ́. Ẹ̀rọ tó ń lo ìtànṣán X ló ń ka èyí tó kù. Òmíràn kéré débi pé ẹ lè gbé e lọ́wọ́.

Fọ́sífọ́rọ́sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó wà nínú egungun, ìtọ̀, ìgbẹ́ ẹran, eérú àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Irin àti alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ pupa wa máa ń dì í mú, òjò kì í tètè fọ̀ ọ́ lọ, nítorí náà ibi tí èrò ti ṣí kúrò láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣì ń fi ara hàn. Olof Arrhenius, ará Sweden, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí ní nǹkan bí 1930, nígbà tó ń yẹ ilẹ̀ oko wò. Ṣùgbọ́n ẹ má wo iye rẹ̀ nìkan, torí iyanrìn púpọ̀ á bù ú là bí omi ṣe ń bu ọbẹ̀ là. Ẹ fi iye títéníọ̀mù pín iye fọ́sífọ́rọ́sì. Títéníọ̀mù inú òkúta ni, ènìyàn kì í gbé e wọ̀lú.

Kábọ́ọ̀nù 13, irú kábọ́ọ̀nù kan tó wúwo díẹ̀ ju ti gbogbogbò lọ, ni yóò sọ bóyá igi tàbí koríko ló wà lórí ilẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀, tí a ń kà nínú ẹgbẹ̀rún (‰), máa ń wà ní nǹkan bí −27 fún igi igbó, àti ní nǹkan bí −12 fún koríko, àgbàdo àti ọkà bàbà. Bó bá ń kúrò ní ti àkọ́kọ́ lọ sí ti èkejì, igbó ń di pápá nìyẹn. Ẹ má tíì wí pé àgbẹ̀ ló ṣe é. Ẹrẹ̀ Adágún Sélé ní gúúsù Benin fi hàn pé igbó ńlá wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, kí ọ̀dá tó là á. Eruku òdòdó inú ẹrẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀. Yàrà Kétu kò lè ṣe ìyẹn dáadáa: ó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku òdòdó a sì jẹrà. Ẹrẹ̀ ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí omi kì í gbẹ lórí rẹ̀, ló yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí

Àwọn èròjà tí mo kà sókè yìí kò lè sọ ọdún. Kábọ́ọ̀nù 14, tí Willard Libby gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1960, ló mọ ìyẹn. Nínú ohun tó ti kú, ìdajì rẹ̀ ń lọ lẹ́yìn 5,730 ọdún, ó sì lè kà dé nǹkan bí 50,000 ọdún. Ẹ má fi èédú igi ńlá ránṣẹ́. Àárín ìrókò lè ti dàgbà ní igba ọdún kí iná tó jó o, ọjọ́ orí yẹn lẹ ó sì gbà. Èèpo èkùrọ́ tó jóná ni kí ẹ wá, torí inú ọdún kan ló so. Ẹ fi irin tó mọ́ mú un sínú bébà fàdákà, ẹ má fi ìka kàn án.

Ibi tí kábọ́ọ̀nù 14 ti ń já wa kulẹ̀ gan-an la ti nílò rẹ̀ jù. Láti nǹkan bí 1650 dé 1950, iye rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ń lọ sókè sódò, tí èkùrọ́ 1700 àti ti 1886 fi lè mú èsì tó jọra wá. Òjé 210, irú òjé kan tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, lè ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún sí àádọ́jọ, ó sì fẹ́ ẹrẹ̀ tí ohunkóhun kò tú ká. Ọ̀nà kẹta ń wo ìgbà tí iyanrìn rí oòrùn kẹ́yìn: ẹ gbá páìpù irin sínú ẹ̀gbẹ́ ihò, ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́, kí ẹ sì bu ilẹ̀ tó yí i ká sínú ọ̀rá mìíràn. Àfọ́kù ìgò jíìnì àti ìkòkò tábà òyìnbó náà ní ìgbà tiwọn. Ẹ má jù wọ́n nù.

Ọjọ́ orí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ yàrà. Wọ́n máa ń kó ẹrẹ̀ inú yàrà dànù kí ó má baà dí. Ohun tí ẹ lè sọ ni pé yàrà ti wà kí ẹrẹ̀ yẹn tó dé.

Kí ẹ tó pe èédú kan ní iná 1886, ẹ wá amọ̀ ògiri tó jóná pupa láàárín rẹ̀, fọ́sífọ́rọ́sì tó pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ tó sì dín lókè rẹ̀, àti ọ̀nà méjì ó kéré tán tí ọjọ́ orí wọn bára mu. Bó bá jẹ́ èédú koríko fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀, iná oko ni.

Ihò náà ńkọ́? Kí ẹ tó dí i, ẹ tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ fá, ẹ fi owó onírin tó ní ọdún lára sórí rẹ̀, kí ẹ wá da ilẹ̀ padà. Ẹni tó bá wá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á mọ ibi tí ẹ dúró sí.